Gàrí Inú Kóńgò, Ọ̀rá Ojú Awọ: Bí Ooru àti Omi Ṣe Ń Tún Sẹ́rámáìdì Tò

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ àwọn tó ń se ọṣẹ, tí wọ́n sì ń po ìpara, sọ ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, nígbà ọyẹ́ rèé. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́, àfi àwọn ibi tí ẹ̀rín ti pọ̀ jù.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ sá sẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo kí yín o. Ẹ kú ọyẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó lè jókòó síbí, n kò sì ní fi àkókò yín ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ta ló ra gàrí ní Bódìjà lọ́sẹ̀ yìí? Ẹ ṣeun. Ẹ rántí bí ìyá onígàrí ṣe wọ̀n ọ́n fún yín. Ó fi àwo bu gàrí, ó rọra ń dà á láti òkè, ó mú un ga gogoro bí Òkè Màpó, kò sì jẹ́ kí ohunkóhun kan kóńgò náà. Gbogbo wa la mọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ kóńgò yẹn lẹ́ẹ̀mejì péré, gàrí á lọ sílẹ̀, àyè á yọ lókè, ìyá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò yín bí ẹni tó jí i lówó. Bẹ́ẹ̀, hóró kan kò kúrò níbẹ̀. Gàrí náà ni, kóńgò náà ni. Ìtò rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ẹ bá mi fi gàrí yẹn sọ́kàn. A ó padà síbẹ̀.

Ohun tí mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí ni ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní sẹ́rámáìdì. Ẹ ti rí orúkọ náà lára ìgò ìpara tó ń ti òkè òkun wá. Àwọn kan nínú yín ti ń kọ ọ́ sára ìgò tiwọn náà, bóyá ó wà nínú rẹ̀, bóyá kò sí. Èmi ò wá ṣe ọlọ́pàá lónìí.

Ojú awọ wa, èyí tó wà lókè pátápátá, tín-ín-rín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí a bá yọ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ sọ́tọ̀, kò ju máíkírómítà 10 sí 20 lọ. Ẹ pín mílímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, kí ẹ mú 10 tàbí 20 níbẹ̀. Bébà náírà tó wà lápò yín nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú, tó ti gbẹ, tó sì pẹlẹbẹ ló wà níbẹ̀, wọ́n to lé ara wọn lórí ní nǹkan bíi ìpele 15 sí 20. Peter Elias, oníṣègùn awọ ní San Francisco, ló sọ àfiwé tí gbogbo ayé ń lò di olókìkí: àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ni búlọ́ọ̀kù, ọ̀rá tó wà láàrin wọn ni sìmẹ́ńtì. Àfiwé náà bá wa mu n'Íbàdàn níbí, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan. Sìmẹ́ńtì tó bá ti gbẹ, ó ti gbẹ náà nìyẹn. Ọ̀rá tí mò ń sọ yìí kì í jókòó sójú kan. Bí ooru bá dé, á tún ara rẹ̀ tò. Bí omi bá dé, ó ní bó ṣe máa ń ṣe. Ohun tí ojú rẹ̀ sì ti rí sẹ́yìn ń hàn nínú bó ṣe jókòó lónìí.

Ohun mẹ́ta ló para pọ̀ di sìmẹ́ńtì yìí: sẹ́rámáìdì, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, àti ásíìdì ọ̀rá. Tí a bá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, sẹ́rámáìdì nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nídìí ṣàkì àti àbọ̀dí, ẹ má bínú sí i jù. Awọ tí kò bá ní in kò lè dá omi dúró.

Báwo ni sẹ́rámáìdì ṣe rí? Ẹ wo ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ: orí kan, ẹsẹ̀ gígùn méjì. Orí rẹ̀ lè bá omi rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kì í fẹ́ rí omi sójú. Ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní sphingosine. Thudichum, oníṣègùn ọmọ Jámánì kan tó ṣiṣẹ́ ní London, ló fún un lórúkọ yẹn ní 1884, nígbà tó ń yẹ ọ̀rá inú ọpọlọ wò. Ó fi sọrí Sphinx, ẹ̀dá inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì tó máa ń pa àlọ́ fún èrò ọ̀nà, nítorí àlọ́ tí nǹkan náà ń pa fún òun fúnra rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹsẹ̀ kejì jẹ́ ásíìdì ọ̀rá. Iye átọ̀mù kábọ́ọ̀nù tó so kọ́ra nínú rẹ̀, bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, la fi ń mọ gígùn rẹ̀: ó lè kúrú bíi kábọ́ọ̀nù 16, ó lè gùn kọjá 30. Nínú awọ ara, 24 sí 26 ló wọ́pọ̀ jù.

Ẹ̀mú lè pa ẹsẹ̀ pọ̀. Ó sì lè là gbàù, kí ẹsẹ̀ kan kọjú sókè, kí èkejì kọjú sísàlẹ̀, kí orí wà láàrin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n sábà máa ń yà sínú ìwé ni pé ó pa ẹsẹ̀ pọ̀. Ní 2012, Lars Norlén àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden mú awọ ènìyàn, wọ́n sọ ọ́ di yìnyín lójijì kí ohunkóhun má baà ráyè sún, wọ́n sì fi máíkírósíkóòpù alágbára wò ó. Wọ́n ní lílà ló là. Gbogbo ènìyàn kọ́ ló gbà fún wọn. Ní tèmi o, mo rò pé ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí ẹ̀mú tó bá là báyìí kò fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún omi láti wọ àárín ìpele. Ẹ ó rí i pé omi kì í sì í ráyè wọ ibẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká tún lọ sí Bódìjà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta pákó ni ká yà sí. Bí wọ́n bá to pákó lójú pọ̀, abẹ́rẹ́ kò lè gba àárín wọn. Pákó kan kò lè yí lójú ibi tó wà, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti há a mọ́. Ẹ wá wo ọparun tí wọ́n nà ró. Ó rí roboto, ó lè máa yí lórí ara rẹ̀, àyè díẹ̀ sì wà láàrin ọ̀kan àti èkejì bó ti wù kí ẹ dì í tó. Bí ẹsẹ̀ sẹ́rámáìdì àti ti ásíìdì ọ̀rá ṣe ń to ara wọn lójú awọ wa nìyẹn. Bí ara bá tutù, wọ́n máa ń jókòó bíi pákó. Bí ooru bá ń wọlé, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí ara rẹ̀, wọ́n á di ọparun. Bí ooru bá wá pọ̀ jù, ẹsẹ̀ náà kò ní dúró gbọnrangandan mọ́, á máa rọ̀ bí okùn. Yíyọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Kò sí ojú tó lè rí i, ẹ́ksíréè ló fi hàn. Tí ẹ bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìdá kan níbẹ̀ ni nanómítà. Nínú ìtò ọparun, iye kan ṣoṣo ni ẹ́ksíréè ń mú wá láàrin ìlà àti ìlà: nǹkan bíi nanómítà 0.41. Nínú ìtò pákó, iye méjì ló máa ń mú wá, 0.41 yẹn àti 0.37, nítorí wọ́n ti sún mọ́ra sí i lápá kan. Ìyá kan níwájú níbí ti ń mi orí. Ẹ ní ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan? Ó tó o, Màmá. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́, aláǹgbá tí mò ń sọ níbí sì kéré gan-an: mólékù omi ni, hóró omi tó kéré jù lọ.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé. Ojú awọ wa sábà máa ń wà ní nǹkan bíi dìgírì 32. Inú ara jẹ́ 37. Ìgbà wo ni pákó ń di ọparun? Láàrin nǹkan bíi 35 sí 40. Etí bèbè ni ara wa ń gbé. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn Micra lọ́sàn-án gangan láàrin Dùgbẹ̀ àti Challenge, tí wọ́n há mẹ́rin mọ́ ibi tó yẹ kí mẹ́ta wà, tí ọkọ̀ ò lọ tí ò bọ̀, ọparun ti ń pọ̀ lójú awọ rẹ̀. Tó bá délé tó fi omi tútù wẹ̀, pákó á padà. Yíyọ́ gan-an jìnnà sí wa, ó dìgbà tí ooru bá kọjá 60 kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè dé 80 àti jù bẹ́ẹ̀ kó tó parí. Ìyẹn di inú yàrá ìwádìí.

Àwọn ìpele tí ọ̀rá yìí ń to ara rẹ̀ sí náà ní ìwọ̀n. Joke Bouwstra àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Leiden, ní ilẹ̀ Netherlands, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wọ̀n ọ́n: oríṣi kan jẹ́ nanómítà 6, oríṣi kejì jẹ́ nǹkan bíi 13. Èyí tó jẹ́ 13 yẹn kò lè dúró láìsí sẹ́rámáìdì kan tó gùn ju gbogbo àwọn yòókù lọ, tí wọ́n so ásíìdì linoleic mọ́ ìdí rẹ̀. Ara wa kò lè ṣe linoleic fúnra rẹ̀, inú oúnjẹ ló ti ń rí i. Ní 1929, George Burr àti ìyàwó rẹ̀ Mildred fún eku ní oúnjẹ tí kò ní ọ̀rá kankan nínú. Awọ àwọn eku náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó ń pá èépá, ìrù wọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ. Linoleic ló pọ̀ jù nínú epo tó wà nínú ẹ̀gúsí.

Ó yá, ká padà sídìí kóńgò wa.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ohun tí ooru ń ṣe fún ọ̀rá? Ẹ̀rọ kan wà. Ẹ fojú inú wo ìkòkò méjì lórí ààrò kan náà, ṣùgbọ́n ìkòkò tí kò tóbi ju èékánná ọwọ́ lọ. Ẹ fi sẹ́rámáìdì àti omi sínú ọ̀kan, ẹ má fi sẹ́rámáìdì sínú èkejì. Ẹ̀rọ náà á máa fún àwọn méjèèjì ní iná kí wọ́n lè jọ máa gbóná ní ìwọ̀n kan náà, dìgírì kan lẹ́yìn òmíràn, á sì máa kọ iye iná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ sílẹ̀. Bí ọ̀rá bá ń yọ́, ìkòkò rẹ̀ á jẹ iná ju èkejì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ́ òrí mọ̀ ọ́n: bó bá dé ibi yíyọ́, ó dà bíi pé iná kò ṣe nǹkan kan mọ́, títí gbogbo rẹ̀ á fi yọ́ tán.

Ní 1995, Graham Shipley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston gbé sẹ́rámáìdì kan sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Àtọwọ́dá ni, kábọ́ọ̀nù 16 ni ásíìdì rẹ̀, wọ́n sì fún un ní omi tó pọ̀ tó. Wọ́n ń gbé ooru rẹ̀ lọ sókè. Ohun tí ẹnikẹ́ni á retí ni pé á máa jẹ iná títí á fi yọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kó tó yọ́ rárá, ó kọ́kọ́ tú ooru jáde. À ń dáná fún un, òun náà ń dáná fún wa padà! Lẹ́yìn èyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yọ́, ní nǹkan bíi dìgírì 90.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́ ni, sà?"

Kò bàjẹ́. Kóńgò ni ẹ wò. Nígbà tí ọ̀rá yẹn tutù ṣáájú, ìkánjú ló fi tutù. Ó jókòó bí àyè ṣe gbà á, bíi gàrí tí ìyá rọra dà láti òkè. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ lè dúró, ẹ lè rù ú délé kó má yẹ̀, ṣùgbọ́n ara kò rọ̀ ọ́. Ooru ló wá gbá ẹ̀gbẹ́ kóńgò. Bí wọ́n ṣe ráyè mira díẹ̀, olúkúlùkù wá ibi tó bá a lára mu, orí di orí mú, ẹsẹ̀ sún mọ́ ẹsẹ̀. Nígbà tí nǹkan bá di ara wọn mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ooru ló máa ń tú sílẹ̀, ìyẹn sì ni ẹ̀rọ rí. Ẹ́ksíréè náà jẹ́rìí sí i: lẹ́yìn títò yẹn, ìpele kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Gàrí ti lọ sílẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi mí pé, "Báwo ni sẹ́rámáìdì ṣe ń tò ní dìgírì 30?", mi ò lè dá a lóhùn tí mi ò bá mọ ibi tí ọ̀rá náà ti ń bọ̀. Ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde ni? Ṣé ó ti jókòó láti ọjọ́ pípẹ́? Ṣé omi wà lọ́dọ̀ rẹ̀? Dìgírì 30 kan náà, ìtò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Omi ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹyin po nǹkan ìpara irun, ọ̀rá kan wà nínú pupa ẹyin tó fẹ́ràn omi gan-an. Bí omi bá kàn án, á gbà á sáàárín ìpele rẹ̀, á wú, bíi gàrí tí a rẹ. Sẹ́rámáìdì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ inú gàrí rírẹ ni. Omi á yí i ká títí, òkúta kò ní wú. Orí rẹ̀ kéré, gbogbo ọwọ́ tó lè nà sí omi ló sì ti fi di orí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú. Ìdílé tó bá di ara wọn mú báyìí, ibo ni àlejò fẹ́ jókòó sí? Síbẹ̀, omi tó dúró sí ẹnu ọ̀nà kò ṣàì ní agbára tirẹ̀. Sẹ́rámáìdì gbígbẹ fúrúfúrú àti èyí tó wà nínú omi kì í gba ọ̀nà kan náà bí ooru bá ń gòkè, àwọn ìtò tí wọ́n ń gbà kọjá kí wọ́n tó yọ́ kì í dọ́gba.

Níbo wá ni omi ojú awọ wà? Inú búlọ́ọ̀kù ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ yẹn kún fún kẹ́rátìnì, irú ohun tí irun àti èékánná fi ṣe, àti àwọn nǹkan kéékèèké tó ń fa omi mọ́ra. Iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ni pé kó má jẹ́ kí omi yẹn sá lọ, ó sì ń ṣe é dáadáa. Awọ apá tó dá ṣáṣá kì í jẹ́ kí omi tó gba inú rẹ̀ jáde ju gíráàmù 5 sí 10 lọ fún mítà onígun mẹ́rin kan láàrin wákàtí kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ fún gbogbo ara, láti àárọ̀ dé àárọ̀, láìka òógùn mọ́ ọn: kò tó omi píọ̀ wọ́tà kan.

Ọyẹ́ ń dá sí ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà méjì. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi inú búlọ́ọ̀kù, búlọ́ọ̀kù á sún kì, á le. Sìmẹ́ńtì náà á tún le sí i, nítorí omi díẹ̀ tó máa ń wà nítòsí ni kì í jẹ́ kí apá kékeré kan nínú rẹ̀ gan paali. Bí nǹkan méjì tó le bá ń fa ara wọn, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ wo ètè yín, ẹ wo gìgísẹ̀ yín. Omi àpọ̀jù náà kò dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ fọ aṣọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ á wú, adágún omi kéékèèké á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàrin ọ̀rá, níbi tí kò yẹ kí omi wà.

Ó yẹ kí n sọ ti ara mi fún yín, kí ẹ má rò pé inú ìwé ni mo ti kó gbogbo èyí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra sẹ́rámáìdì lúbúlúbú, gíráàmù márùn-ún péré. Mi ò ní sọ iye tí mo rà á, ìyàwó mi ò tíì mọ̀ títí di ọjọ́ òní. Mo gbé abọ́ òrí àti epo sínú omi gbígbóná lórí sítóòfù, mo ki tẹmómítà bọ̀ ọ́. Ó dé 70. Òrí ti yọ́, epo ti mọ́ gaara, mo da sẹ́rámáìdì sí i, mo rò ó. Mo rí nǹkan funfun díẹ̀ nísàlẹ̀ abọ́. Mo ní á bá omi rìn. Mo da omi rẹ̀ sí i, mo tan ẹ̀rọ ìpò, kò pé ìṣẹ́jú méjì, iná lọ. Mo fi ṣíbí parí rẹ̀.

Ìpara náà funfun, ó ń dán. Lọ́jọ́ kẹta mo fi pa ẹ̀yìn ọwọ́, ó ń ha mí bí iyanrìn. Mo fi díẹ̀ sábẹ́ máíkírósíkóòpù, mo rí wọn, wọ́n dúró ṣánṣán bí ìgò tó fọ́. Wọn ò yọ́ rí! Ẹni tó ń yọ́ ní tòsí 90, mo fún un ní 70, mo ń retí kó dúpẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo gbé ooru sókè dáadáa títí kò fi sí funfun kankan mọ́, mo sì ń rò ó títí ó fi tutù. Ó kúnná dáadáa. Inú mi dùn, mo fún àwọn ará ilé, mo gbé ìgò kan sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mo ṣí i. Iyanrìn. Ẹnikẹ́ni kò gbá kóńgò yìí o, fúnra gàrí ló lọ sílẹ̀. Ìtò oníkánjúkánjú tí mo bá a ṣe ti rí àyè tún ara rẹ̀ ṣe nínú òkùnkùn kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú bí awọ ṣe ń ronú. Mo dín sẹ́rámáìdì kù, mo fi kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àti ásíìdì ọ̀rá sí i, mo jọ yọ́ gbogbo wọn pọ̀. Bí ẹ bá da ìrẹsì, ẹ̀wà àti àgbàdo pọ̀ sínú kóńgò kan, kò rọrùn fún ìrẹsì láti wá ìrẹsì rí kó sì di òkìtì. Ìgò yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, kò tíì ṣe iyanrìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba òrí láti Ṣakí ti mọ ẹ̀gbọ́n ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Òrí tó yọ́ nínú ọkọ̀ lọ́sàn-án, tó wá rọra ń dì lálẹ́, hóró ló máa ń ṣe. Ẹ yọ́ ọ tán pátápátá, ẹ jẹ́ kó tutù kíá, á kúnná. Òrí kì í ṣe sẹ́rámáìdì, ṣùgbọ́n ìwà ọ̀rá kan náà ni.

Nígbà tí mo parí, ìyá kan béèrè bóyá omi gbígbóná ló ń ba awọ jẹ́. Mo ní omi tó bá dé dìgírì 42 á sọ pákó di ọparun lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ara bá tutù, pákó á padà. Ọṣẹ ló ń kó sìmẹ́ńtì lọ, omi gbígbóná wulẹ̀ ń bá a ṣílẹ̀kùn ni. Ọṣẹ dúdú wa, tí èmi náà ń fi wẹ̀, pH rẹ̀, ìwọ̀n tí iye rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i, sábà máa ń kọjá 9. Ojú awọ wà ní nǹkan bíi 5, ó kan díẹ̀, bíi omi ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan. Àwọn ẹ́ńsáìmù, òṣìṣẹ́ kéékèèké inú ara tó ń parí ṣíṣe sẹ́rámáìdì níbẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí kíkan yẹn bá lọ. Ẹ fi wẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lára, ẹ ṣan án dànù dáadáa.

Bàbá kan ní ṣé òrí ò lè rọ́pò sẹ́rámáìdì ni, nítorí owó. Mo ní òrí dà bíi tapólì tí a ta bo ògiri tí òjò ń bà jẹ́. Kò tún ògiri mọ, ṣùgbọ́n ó ń ra àkókò fún un, ara fúnra rẹ̀ ló ń mọ ògiri rẹ̀. Ẹ fi pa ara nígbà tí omi ìwẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ní èyí tí ara ń yún tọ̀sán-tòru, tí oríkèé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń là, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nínú irú awọ bẹ́ẹ̀, sẹ́rámáìdì kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, ọparun sì pọ̀ ju pákó lọ, kódà nínú òtútù. Kó má sì fi ìpara bíbóra pa á o. Sítẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn líle kan tí wọ́n ń pò mọ́ irú rẹ̀, ń dín ọ̀rá tí awọ ń ṣe kù. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún un, ìyẹn ní ìwọ̀n àti ọjọ́ tirẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó mú ìgò ìpara tirẹ̀ jáde nínú báàgì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iyanrìn ti ń ṣe èmi náà. Sẹ́rámáìdì ni, àbí?" Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ìgò náà lóòótọ́. Mo fi ìka bu díẹ̀, mo fi pa ẹ̀yìn ọwọ́. Hóró wà níbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lára. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, mo rọra ń rà á, mo ka ookan dé ogún. Àwọn hóró náà yọ́, ọwọ́ mi ń dán.

Mo ní, "Òrí ni. Yọ́ ọ, kó o jẹ́ kó tutù kíá. Sẹ́rámáìdì kì í yọ́ sí ooru ọwọ́ ènìyàn."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yí ìgò náà díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí má baà kọjú sí mi, ó sì dá a padà sínú báàgì.